Kátà: Àrùn Tó Ń Pa Ewúrẹ́ Wa àti Abẹ́rẹ́ Tó Ń Dènà Rẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń sin ẹran kì í yé béèrè: kí ló dé tí oògùn tó gba ewúrẹ́ là lọ́dún tó kọjá kò fi ran ti ọdún yìí? Oògùn tí wọ́n ń sọ ni kápúsù tetracycline aláwọ̀ pupa àti ìyeyè, èyí tí a máa ń tú sínú omi, tí a sì máa ń dà sí ẹran lọ́fun nígbà tí kátà bá dé. Mo fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn ìbéèrè yìí, nítorí ẹni tó bá mọ ohun tí kátà ń ṣe nínú ara ẹran ni yóò mọ ìgbà tó yẹ kó náwó àti ohun tó yẹ kó náwó lé lórí.

Ẹ wo ewúrẹ́ tí kátà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Kò bá àwọn yòókù lọ sídìí èèpo iṣu. Ó dá dúró lẹ́bàá ògiri, ó sorí kọ́, irun ara rẹ̀ dìde. Bí ẹ bá fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó gbóná janjan. Bí ẹ bá ní tẹmómítà, ẹ lè bá 40 tàbí 41 lórí ìwọ̀n Celsius. Omi tó ń jáde nímú rẹ̀ mọ́ gaara lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti di ikun tó ki, tó ń gbẹ mọ́ ihò imú, tí ẹran kò fi lè mí dáadáa mọ́. Ìpin ti lẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ̀. Ẹ rọra la ẹnu rẹ̀, kí ẹ wo èrìgì àti abẹ́ ahọ́n: ibẹ̀ pọ́n, àwọn ojú ibì kan ti funfun, wọ́n ti bó, òórùn tó ń jáde níbẹ̀ kò ṣeé fara dà. Ìdí nìyẹn tí ebi fi ń pa á tí kò sì lè jẹun. Ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e, ikọ́ náà á dé. Bí ó bá lóyún, oyún lè wálẹ̀.

Níbi tí àrùn yìí kò bá ti dé rí, ó lè pa ẹran mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa ló sì máa ń dojú kọ jù. Ewúrẹ́ yìí kan náà ló ń fara da àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, tí a fi ń rí i sìn ní àárín igbó níbi tí ọ̀pọ̀ màlúù kò lè gbé. Ṣùgbọ́n bí kátà bá dé, apá rẹ̀ kì í ká a.

Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa kátà. Ní Côte d'Ivoire ni Gargadennec àti Lalanne ti kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1942, wọ́n sì fún un lórúkọ Faransé, peste des petits ruminants, tí àwọn dókítà ẹran ń gé kúrú sí PPR. Ní ọdún 1967, J. C. Whitney, G. R. Scott àti D. H. Hill kọ nípa àrùn ẹnu àti ìfun kan tó ń pa ewúrẹ́ ní gúúsù Nàìjíríà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwádìí tó fi hàn pé kátà wa àti àrùn ti Côte d'Ivoire kì í ṣe méjì. Ìbátan fáírọ́ọ̀sì yìí ni èyí tó ń fa èéyi lára ọmọdé, tí wọ́n ń pè ní measles ní ọsibítù, àti èyí tó ń fa rinderpest, tó pa màlúù rẹpẹtẹ nílẹ̀ Áfíríkà láyé àtijọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ìbátan yẹn fòyà: kátà kì í ran ènìyàn.

Imú àti ẹnu ni fáírọ́ọ̀sì náà ń gbà wọlé. Ohun tó kọ́kọ́ ń wá kì í ṣe ìfun, kì í sì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kọlù, ìyẹn àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ara. Inú wọn ló ń wọ̀, ibẹ̀ ló ti ń bí sí i, ibẹ̀ náà ló ti ń pa wọ́n. Èyí sábà máa ń gba ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà, ewúrẹ́ á sì máa jẹun, á máa ṣeré, ẹ ò ní rí àmì kankan lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fáírọ́ọ̀sì á bọ́ sí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo inú ẹnu, ìfun àti ọ̀nà èémí. Ibi tó bá bó lẹ́nu á di egbò. Ibi tó bá bó nínú ìfun kò ní lè fa omi àti oúnjẹ sínú ara mọ́, ohun tí ẹran bá mu á kàn máa ṣàn jáde ni.

Ẹ wá fọkàn sí ibi tí mò ń lọ. Bakitéríà wà nímú àti lọ́fun ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara ni kì í jẹ́ kí wọ́n rìn síwájú. Nígbà tí kátà bá ti pa àwọn tó ń ṣọ́nà, bakitéríà á sọ̀ kalẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, òtútù àyà á bẹ̀rẹ̀. Àwọn bakitéríà yìí ni tetracycline ń pa. Kò ní agbára kankan lórí fáírọ́ọ̀sì. Nítorí náà, ewúrẹ́ tó yè lọ́dún tó kọjá, ọ̀tá kejì ni oògùn bá a lé lọ, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì ṣẹ́gun ti àkọ́kọ́. Èyí tó kú lọ́dún yìí lè jẹ́ pé ìgbẹ́ gbuuru ló gbẹ omi ara rẹ̀ tán, kápúsù kò sì lè dá ìyẹn dúró. Dókítà ẹran lè lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n tó yẹ, kó sì fi omi oníyọ̀ àti ṣúgà kún un. Ìtọ́jú ni, ó sì dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń wo kátà. Ẹran tí ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní oògùn yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa á tà fún aráàlú títí ọjọ́ tí dókítà dá yóò fi pé.

Báwo ló ṣe ń dé inú ọgbà? Fáírọ́ọ̀sì yìí kì í pẹ́ láyé bí ó bá ti kúrò lára ẹran. Oòrùn àti gbígbẹ ń pa á kíákíá. Kò sí ẹ̀fọn tàbí eégbọn tó ń gbé e. Ewúrẹ́ tó bá yè, kì í fi pa mọ́ sára, kátà kì í sì í mú un mọ́ títí ayé rẹ̀. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí: ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń mú un wọlé ní gbogbo ìgbà, yálà èyí tí ẹ rà lọ́jà tàbí èyí tó lọ jẹ̀ ní ọgbà aládùúgbò. Ewúrẹ́ tó jẹ̀ tó relé ni à ń yìn, ṣùgbọ́n ohun tó mú bọ̀ wálé lọ́jọ́ yẹn lè má jẹ́ koríko nìkan. Ní ọjà ẹran, pàápàá nígbà tí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ń bọ̀, ẹran láti ọ̀nà jíjìn máa ń fara kan ara wọn nínú ọkọ̀ àti lórí ìso. Èyí tó ń jó fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ níwájú yín lè wà ní ọjọ́ kẹta tí fáírọ́ọ̀sì wọ ara rẹ̀. Ẹ so ẹran tuntun lọ́tọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, kí garawa omi rẹ̀ náà wà lọ́tọ̀. Bí kátà bá wà lára rẹ̀, kó tó di ìgbà yẹn, á ti jáde.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ló wá kàn. Nígbà kan, abẹ́rẹ́ rinderpest ti màlúù ni wọ́n ń fún ewúrẹ́, nítorí pé ìbátan ni fáírọ́ọ̀sì méjèèjì, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ayé ń sapá láti lé rinderpest kúrò pátápátá, ìṣòro kan yọjú. Ẹ̀jẹ̀ ni àwọn oníwádìí ń yẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá rinderpest ṣì ń jà níbì kan, ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ tó sì ti gba abẹ́rẹ́ yẹn á fi àmì rinderpest hàn. Àfi kí ewúrẹ́ ní tirẹ̀.

Ilẹ̀ wa ni irúgbìn rẹ̀ ti wá. Ní ọdún 1975, W. P. Taylor àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yọ fáírọ́ọ̀sì kátà jáde lára ẹran ní Nàìjíríà. Òun àti A. Abegunde gbé ìwádìí náà jáde ní 1979. Orúkọ tí fáírọ́ọ̀sì náà ń jẹ́ di òní ni Nigeria 75/1. Ní ilẹ̀ Faransé, Adama Diallo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbìn ín sínú sẹ́ẹ̀lì tí a mú láti inú kíndìnrín ọ̀bọ, wọ́n kó èyí tó hù, wọ́n tún un gbìn, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ ju ìgbà 50 lọ. Bó ṣe ń mọ́ sẹ́ẹ̀lì ọ̀bọ lára ni agbára rẹ̀ láti pa ewúrẹ́ ń lọ. Ohun tó kù ní 1989 jẹ́ fáírọ́ọ̀sì tó wà láàyè, tí kò lè dá àìsàn sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí ara ewúrẹ́ ń rí tó sì ń kọ́ bí yóò ṣe bá kátà jà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹran ń gbà á, ó kéré tán á sì dáàbò bò ó fún ọdún mẹ́ta. Òun ni wọ́n ń lò jù ní Áfíríkà àti Àárín Ìlà-Oòrùn. Iléeṣẹ́ ìwádìí NVRI ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe é. Inú mi máa ń dùn láti sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé láti ara ẹran Nàìjíríà ni ààbò ẹran orílẹ̀-èdè tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti jáde.

Nítorí pé ó wà láàyè, ooru lè pa á. Bí ẹ bá gbé ìgò kékeré náà sókè, ẹ ó rí ìyẹ̀fun tó ti gbẹ gan-an nísàlẹ̀ rẹ̀. Inú yìnyín ló gbọ́dọ̀ wà láti ilé títí dé ìdí ẹran. Tí wọ́n bá ti da omi rẹ̀ sí i, kíá ni kí wọ́n lò ó tán, kí wọ́n má gbé e sínú oòrùn. Abẹ́ awọ ni wọ́n ń gún un sí, ìwọ̀n 1 ml fún ẹran kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbé abẹ́rẹ́ kátà wá nínú ọ̀rá lórí ọ̀kadà lọ́sàn-án gangan, omi lásán ló fẹ́ gún fún ẹran yín.

Ọmọ ewúrẹ́ ńkọ́? Wàrà ìyá tó ti gba abẹ́rẹ́ ń dáàbò bò ó fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ààbò yẹn kan náà kì í sì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ráyè ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Bí ó bá ti pé oṣù mẹ́rin, ẹ gún un. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà. Wọ́n fún gbogbo ẹran ní abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọkàn wọn balẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ewúrẹ́ sì tètè ń bímọ, a tún ń tà á, a ń pa á jẹ. Kí ọdún kejì tó parí, púpọ̀ nínú àwọn tó wà nílé ni wọn kò tíì bí nígbà tí dókítà wá. Ọdọọdún ló yẹ kí wọ́n wá gún àwọn ọmọ tuntun.

Ní Abidjan, ní 2015, àjọ FAO àti àjọ tó ń rí sí ìlera ẹranko lágbàáyé fẹnu kò pé àwọn fẹ́ kí kátà kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé nígbà tó bá fi máa di 2030. Kì í ṣe àlá lásán, nítorí pé wọ́n kéde ní 2011 pé rinderpest, ìbátan rẹ̀, ti lọ pátápátá. Àmọ́ abúlé tí ẹnì kan ṣoṣo ti gún ẹran tirẹ̀ kò lè lé kátà lọ. Ẹ bá àwọn aládùúgbò yín sọ̀rọ̀, kí ẹ ka iye ewúrẹ́ àti àgùntàn gbogbo yín, kí ẹ sì jọ lọ bá ọ́fíìsì dókítà ẹran ní ìjọba ìbílẹ̀ yín kí àìsàn tó dé. Ìgò kan máa ń tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹran, ó sì rọrùn fún dókítà láti wá bá ogójì ẹran lójú kan ju kó wá nítorí mẹ́ta lọ. Nígbà tó bá dé, ẹ kọ́kọ́ ní kó ṣí kúlà rẹ̀, kí ẹ fojú yín rí yìnyín.