Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Iye tí olùtajà dá lé iṣu ní ọjà àgbẹ̀ ni ẹ̀fà. Ẹni tó gbin iṣu náà, irú ilẹ̀ tó ti ta àti ọjọ́ tí wọ́n wà á ni ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni adùn ọjà ríra wà fún ẹni tó bá fara balẹ̀ béèrè.

Ọjà ìlú Ganmo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Ìpínlẹ̀ Kwara, wà lójú ọ̀nà tó ti Ìlọrin lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, nítorí náà irè oko Ìgbómìnà, bí iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà, èlùbọ́, irú àti òrí, ń gba ibẹ̀ kọjá kó tó wọ ìgboro, ará Ìlọrin tó bá sì wọkọ̀ lọ pàdé rẹ̀ níbẹ̀ ti fo ẹnì kan tàbí méjì tí ìbá gbówó lé e. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ ọjà. Ọ̀pọ̀ ọjà ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ ọrọọrún, ìyẹn ọjà tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Bó ti jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n ná an àti ọjọ́ tí wọn yóò tún ná an ni wọ́n ń kà pọ̀, ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń yí po, tí ọjà tó bọ́ sí Ọjọ́ Ajé yóò fi tún bọ́ sí Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn náà Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó bá sọ pé Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan lòun ń lọ sọ́jà lè bá àtẹ òfìfo.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó pàtẹ ni àgbẹ̀. Àwọn alájàpá, ìyẹn àwọn oníṣòwò tó ń ra irè oko lábúlé láti tún un tà, pọ̀ níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀bi nínú iṣẹ́ wọn, nítorí àwọn náà ń sanwó ọkọ̀. Àmọ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí aya rẹ̀, ló mọ̀ dájú bóyá iṣu jẹ́ tuntun tó ṣì kún fún omi, tí iyán rẹ̀ kì í le, tàbí ti èṣí tó ti gbẹ dé ìwọ̀n tí odó fẹ́. Ohùn tútù ní ń yọ obì lápò: ẹni tó bá kí olùtajà pé ẹ kú ọjà kó tó máa nájà, tó sì ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà gbogbo, ni yóò di oníbàárà tí èènì rẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n ń bù lé e lẹ́yìn tí wọ́n ti wọn kọ́ńgò èlùbọ́ tán, kì í kéré.

Nínú ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà, wàràkàṣì ló gba ìṣọ́ra jù. Wàrà màlúù ni àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kaná, tí wọ́n ń fi oje ewé bọmubọmu sí kí ó lè dì, wọ́n sì ń tà á nínú omi rẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú, kíkan ló kù. Kí òǹrajà rà á láàárọ̀, kí ó gbóòórùn rẹ̀, kí ó sì sè é tàbí kí ó dín in kó tó jẹ ẹ́, nítorí owó tí ẹni tó ra wàrà ìrọ̀lẹ́ ní gbàǹjo rò pé òun fi pamọ́ lè má tó owó oògùn inú rírun. Èyí tí wọ́n bá dín gbẹ lè wọ inú ọbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.