Ẹ̀KỌ́ TI OṢÙ YÌÍ: KÒKÒRÒ Ẹ̀WÀ, ÌDÍLÉ RẸ̀ ÀTI ARA RẸ̀



Àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Àwa tí a ń ta ẹ̀wà ni òwe yìí bá wí jù. Ní ọdún kan, àwa mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ fi owó ẹ̀yáwó ra àpò ẹ̀wà mẹ́wàá ní àsìkò ìkórè. A bu ẹ̀kúnwọ́ kan wò, ihò díẹ̀ péré ni a rí lára rẹ̀, a ní, "Èyí dára." A tò ó sí yàrá, a ń retí kí ó wọ́n. Nígbà tí a tú àpò ní oṣù kẹta, ìyẹ̀fun ló ń dà sílẹ̀. A san gbèsè náà tán, ṣùgbọ́n inú owó ìfipamọ́ wa ló ti jáde. Ohun tó ṣe wá ni pé a kò mọ ẹni tí a ń bá jà. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ ọ́n lónìí.

1. ÌDÍLÉ RẸ̀

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é káàkiri ayé ni Callosobruchus maculatus. Fabricius, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, ló sọ ọ́ ní maculatus ní 1775. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "alábàwọ́n."

Agbo ńlá tí ó wà ni Coleoptera, àwọn kòkòrò tí ìyẹ́ òkè wọn le, tí ó sì bo ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń fò, bí àkọ̀ ti ń bo idà. Agbo yìí ni yímíyímí náà wà. Irú tí a ti mọ̀ nínú rẹ̀ ju 350,000 lọ. Nínú agbo yìí, ìdílé Chrysomelidae, ìdílé àwọn ajewé, ni kòkòrò ẹ̀wà ti wá. Ojúlé rẹ̀ ni Bruchinae, àwọn tí ọmọ wọn ń dàgbà nínú hóró. Tẹ́lẹ̀ rí, ìdílé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ka ojúlé yìí sí. Ìgbà tí wọ́n yẹ ìbátan wọn wò dáadáa ni wọ́n dá a padà sí ọ̀dọ̀ àwọn ajewé.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ọmọ ìyá kan ni òun àti kòkòrò àgbàdo. Rárá o. Ìdílé Curculionidae ni kòkòrò àgbàdo, ẹnu rẹ̀ sì gùn síwájú bí ọwọ́jà erin. Ó fi ń gbẹ́ ihò sínú àgbàdo, á yé ẹyin síbẹ̀, á sì dí i. Ojú wa kò lè rí i. Kòkòrò ẹ̀wà kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀, ara hóró ní ìta ni ó ń lẹ ẹyin tirẹ̀ mọ́. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni yóò gbà wá.

2. ARA RẸ̀

Gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà 2 sí 3½ lọ. Ó ní orí, àyà, ikùn àti ẹsẹ̀ mẹ́fà.

(a) Ìwo méjì wà ní orí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní oríkèé 11, ó sì rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn.

(b) Ìyẹ́ líle rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ní àbàwọ́n dúdú. Ó kúrú, kò bo ìdí rẹ̀, bí ẹni tó wọ bùbá péńpé. Ní ìdí yẹn, abo ní ilà dúdú lọ́tùn-ún lósì. Ti akọ kò rí bẹ́ẹ̀.

(d) Itan ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ẹ̀gún méjì nítòsí orúnkún, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú.

(e) Àgbà rẹ̀ kì í jẹ ẹ̀wà wa. Ọjọ́ díẹ̀ ló ń lò láyé, bíi ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Gígùn àti yíyé ẹyin niṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ ló ń jẹun.

3. IṢẸ́ ỌWỌ́ RẸ̀

Láti oko ló ti ń bá a bọ̀: ó ń yé sára èèpo ẹ̀wà kí a tó já a. Bí ẹyin bá pa lẹ́yìn bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, ìdin náà kò ní jáde síta rárá. Abẹ́ ẹyin ni yóò ti lu hóró wọlé, yóò fi èèpo ẹyin sílẹ̀ lóde, tí yóò funfun kedere. Yóò jẹ inú hóró títí, yóò pa ara dà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò gé ihò róbótó jáde. Nínú ooru tiwa, gbogbo rẹ̀ kò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí èlé. Ká ní abo kan yé ẹyin 80, gbogbo rẹ̀ yè, ìdajì sì jẹ́ abo: abo 40 nìyẹn ní oṣù kìíní. Bí àwọn 40 náà bá tún yé 80-80, kòkòrò 3,200 ni a ó bá nínú àpò ní òpin oṣù kejì. Èlé wo ló tó èyí?

Ṣé ẹ wá rí ibi tí a ti ṣìnà? Ihò ń sọ èyí tó ti jáde lọ. Àmì funfun ń sọ èyí tó wà nínú ilé. Ihò nìkan ni àwa wò.

4. OHUN TÍ A Ó MÁA ṢE

(a) Kí a tó sanwó, ká bu ẹ̀wà láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ àpò, ká tẹ́ ẹ sí ojú oòrùn, ká wá àmì funfun wínníwínní.

(b) Ká má gbẹ́kẹ̀ lé ajọ̀. Àgbà ni ajọ̀ ń yọ, ọmọ ṣì wà nínú hóró.

(d) Ká sá ẹ̀wà kí ó gbẹ dáadáa, ká dì í sínú àpò alábala mẹ́ta tí a di ẹnu rẹ̀ pinpin, tàbí kẹ́ẹ̀gì mímọ́ tí a kún dé ẹnu. Kòkòrò inú rẹ̀ yóò lo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, yóò sì kú. Ká má ṣí i fún oṣù méjì.

(e) Ká má fi ọtapíápíá sí i. Ẹnu ọmọ oníbàárà ló ń lọ. Nítorí oògùn dichlorvos tí wọ́n bá lára ẹ̀wà wa ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà ní 2015.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ WA

1. Kí ni a fi ń dá kòkòrò ẹ̀wà àti kòkòrò àgbàdo mọ̀ yàtọ̀?
2. Ẹ̀wà kan kò ní ihò kankan, ṣùgbọ́n ó ní àmì funfun. Ṣé kí a fi owó ẹgbẹ́ rà á pamọ́?

Kí olúkúlùkù mú ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà kan dání wá láti inú ọjà rẹ̀. A ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò.