Asẹ́ Tí Ojú Rẹ̀ Ò Dọ́gba

Ẹ ti òrùka wáyà bọ omi ọṣẹ, kí ẹ sì gbé e dúró ṣánṣán síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Omi inú awọ ọṣẹ náà á máa ṣàn lọ sísàlẹ̀, òkè á fẹ́lẹ́, ìsàlẹ̀ á nípọn. Kò ní pẹ́ tí pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù á fi tò ní ìlà-ìlà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò pa á láró. Ìmọ́lẹ̀ tó ta padà níwájú awọ ló pàdé èyí tó ta padà lẹ́yìn rẹ̀: ìgbì tó bá bá bí awọ ṣe nípọn tó mu á hàn, èyí tí kò bá mu á pòórá. Awọ ọṣẹ ò tọ́jọ́, ṣùgbọ́n a lè fi ohun líle ṣe irú rẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ohun fífẹ́lẹ́ ní ìpele-ìpele sórí gíláàsì, etí kan á tín-ín-rín, èkejì á nípọn jù ú lọ, bí ẹnu àáké. Ìgbì kúkúrú ń gba ibi tín-ín-rín kọjá, ìgbì gígùn ń gba ibi nínípọn. Asẹ́ ni mo pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ihò kankan.

Níbi tí alátùn-únṣe ò lè dé, mo gbà pé irú asẹ́ yìí dára ju ẹ̀rọ tó ń yí àwọ̀ padà lọ, nítorí ohun tí kò yí kò lè há. Ọkọ̀ òfuurufú New Horizons gbéra lọ́dún 2006, ó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pluto ní July 14, 2015. Asẹ́ ẹlẹ́nu-àáké kan wà nínú rẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn ò rí. Yìnyín kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbì tó máa ń gbé mì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mọ ibi tí yìnyín methane wà lórí Pluto àti ibi tí ti omi wà.

Ẹnìkan á ní asẹ́ náà ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣòfò, torí ibì kọ̀ọ̀kan ń gba àwọ̀ kan, ó ń lé ìyókù padà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń tú ìmọ́lẹ̀ ká sábà máa ń gba inú ojú tóóró kan ríran, kí àwọ̀ ohun méjì má bàa dàpọ̀. Ohun tó bọ́ síta ojú tóóró náà ti sọnù. Ọkọ̀ ló ń yí díẹ̀díẹ̀ fún asẹ́, tí gbogbo Pluto fi gba abẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni awò ojú ọ̀run SPHEREx tí NASA fi ránṣẹ́ lóṣù kẹta ọdún 2025 ṣe ń ya gbogbo ojú ọ̀run ní àwọ̀ 102 láàárín oṣù mẹ́fà. Níbi ohun tó ń yára yí padà nìkan ni n kò ti lè gbèjà asẹ́ náà: bí ìràwọ̀ kan bá bú gbàmù, pupa tí a yà lónìí àti búlúù tí a yà lọ́jọ́ mìíràn kì í ṣe ti ìmọ́lẹ̀ kan náà mọ́.