Nọ́ńbà kan, ìròyìn mẹ́ta: ẹ̀kọ́ tí mo rí nínú géèmù Star Trek àtijọ́

Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi kan tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù sọ fún mi pé òun fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, géèmù ni mo fẹ́ máa ṣe. Láptọ́ọ̀pù mi ò lágbára rárá. Gbogbo fídíò tí mo wò, ẹ̀rọ olówó gọbọi ni wọ́n ń lò. Níbo ni mo ti fẹ́ rówó yẹn?"

Mi ò rí èsì gidi fún un lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ náà ò sì kúrò lọ́kàn mi, torí mo mọ̀ pé ọmọ náà ní làákàyè. Nígbà tó di òpin ọ̀sẹ̀, mo wá géèmù kan jáde tó ti wà kí wọ́n tó bí àwa méjèèjì, mo ní kó wá jókòó tì mí. Kò sí àwòrán nínú rẹ̀, kò sí orin, lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán ni. Ohun tí a rí nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́ yín lónìí.

Láti orí tẹlifíṣọ̀n dé inú kọ̀ǹpútà

Eré Star Trek bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n NBC ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1966. Gene Roddenberry ló dá a sílẹ̀. Ìtàn náà dá lórí ọkọ̀ òfurufú kan tó ń jẹ́ Enterprise, tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀. Àwọn Klingon wà lára àwọn ọ̀tá rẹ̀. Uhura wà nínú ọkọ̀ náà, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí Nichelle Nichols ṣe. Inú ọ̀rọ̀ Swahili tó túmọ̀ sí òmìnira ni wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ yọ. Wọ́n dá eré náà dúró ní 1969 lẹ́yìn apá 79, àmọ́ bí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ṣe ń tún un gbé jáde, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ní 1971, ọmọ iléèwé girama kan ní California, Mike Mayfield, kọ géèmù kan lórí eré yìí. Èdè kọ̀ǹpútà BASIC ló fi kọ ọ́, lórí kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní SDS Sigma 7. Kọ̀ǹpútà yẹn kì í ṣe tirẹ̀ o. Nígbà tó yá, ó ra ẹ̀rọ ìṣirò HP-35, ó sì bá àwọn ará ọ́fíìsì Hewlett-Packard dọ́rẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kó máa lo kọ̀ǹpútà àwọn, kó ṣáà kọ géèmù náà lọ́nà tí yóò fi lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó kọ ọ́ tán ní 1972.

Láti ibẹ̀ ló ti ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. David Ahl fi ẹ̀dà kan sínú ìwé rẹ̀, 101 BASIC Computer Games, ní 1973. Ní 1974, Bob Leedom tún un ṣe, ó fẹ̀ ẹ́ lójú sí i, èyí ló di Super Star Trek. Nígbà tí ìwé Ahl tún jáde ní 1978 fún àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké, Super Star Trek wà nínú rẹ̀. Ìwé yẹn tà ju mílíọ̀nù kan ẹ̀dà lọ.

Ẹ má gbàgbé pé ní 1977 ni Apple II, Commodore PET àti TRS-80 jáde, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tí èèyàn lè gbé sílé. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń wa géèmù sílẹ̀ nígbà yẹn bí a ṣe ń ṣe lónìí. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìwé ni wọ́n ń ṣí síwájú, tí wọ́n á máa tẹ kóòdù inú rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, géèmù ò ní ṣiṣẹ́, ìwọ náà lo máa wá àṣìṣe rẹ. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe kọ́ kóòdù láìmọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ta á?

Ìwọ ni ọ̀gá ọkọ̀ Enterprise. Àwọn Klingon ti fọ́n ká sínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀, iṣẹ́ tìrẹ ni kó o pa gbogbo wọn tán kí ọjọ́ tó pé. Nínú Super Star Trek, agbára 3000 ni ọkọ̀ rẹ ní, pẹ̀lú ọta ńlá 10. Ọjọ́ tí wọ́n fún ọ máa ń wà láàárín 25 sí 34. Bí agbára bá fẹ́ tán, wá ibùdó kan lọ kí wọ́n tún ọkọ̀ rẹ ṣe.

Àṣẹ lẹ́tà mẹ́ta lò ń tẹ̀. NAV á gbé ọkọ̀ rìn. SRS á fi àyíká rẹ hàn ọ́: Klingon ni +K+, ìràwọ̀ kan ni *. LRS á jẹ́ kó o mọ ohun tó wà ní àwọn àgbègbè tó yí ọ ká. Nígbà tí géèmù yìí kọ́kọ́ jáde, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni kò ní ojú tí èèyàn ń wò. Ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí bébà ni wọ́n ń lò. Gbogbo ìgbà tó o bá pàṣẹ SRS ni máàpù tuntun á tún jáde lórí bébà, kà-kà-kà. Ogun orí bébà gan-an nìyẹn!

Ìṣòro 4096

Ibi tí àbúrò mi ti gbé ojú kúrò lórí fóònù rẹ̀ rèé.

Wọ́n pín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ náà sí àgbègbè 64, ìyẹn 8 ní ìbú, 8 ní òró. Àgbègbè kọ̀ọ̀kan náà tún ní àpótí kéékèèké 64. Bí ẹ bá sọ 64 di ìlọ́po 64, ẹ máa rí 4096. TRS-80 tó kọ́kọ́ jáde, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, báìtì 4096 péré ló ní fún ìrántí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní báìtì kan la fẹ́ fi rántí àpótí kọ̀ọ̀kan: gbogbo ìrántí ẹ̀rọ yẹn ti tán nìyẹn, a ò tíì rí àyè fi géèmù fúnra rẹ̀ sí.

Kí wá ni wọ́n ṣe? Wọn ò rántí àwọn àpótí rárá. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ fún àgbègbè kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo 207. Ipò ọgọ́rùn-ún ni iye Klingon, ipò ẹ̀wá ni ibùdó, ipò ẹyọ ni ìràwọ̀. Torí náà, 207 túmọ̀ sí Klingon 2, kò sí ibùdó, ìràwọ̀ 7. Bí ẹ bá fẹ́ kó wọn pọ̀:

Klingon × 100 + ibùdó × 10 + ìràwọ̀

Bí ẹ bá sì fẹ́ tú u, ẹ pín in sí 100, kí ẹ sọ ẹ̀yìn àmì nù: 2 nìyẹn. Ẹ yọ 200 kúrò, ẹ pín 7 tó kù sí 10: 0 nìyẹn. Èyí tó ṣẹ́kù ni ìràwọ̀. Nọ́ńbà 64 ti rọ́pò 4096.

Ìgbà tó o bá wọ àgbègbè kan ni kọ̀ǹpútà tó máa wá àpótí fún ìràwọ̀ àti Klingon tó wà níbẹ̀, bí ẹni ju dáìsì lúdò. Bó o bá jáde, ó ti gbàgbé. Bó o bá padà wá, iye wọn ò yàtọ̀, àmọ́ ibi tí wọ́n wà ti yí padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní kíyè sí i.

Àwa Yorùbá ò ṣàjèjì sí irú ìrònú yìí. Ọpọ́n ayò ní ilé 12, ọmọ ayò 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Bí òjò bá dé nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, kò dìgbà tá a bá ya àwòrán ọpọ́n. Ẹ kọ iye ọmọ inú ilé 12 sílẹ̀, ẹ ti kọ bí ọpọ́n ṣe rí sílẹ̀ nìyẹn.

Klingon mélòó ló máa jáde?

Dáìsì yẹn náà tún wà fún iye ọ̀tá. Bí géèmù bá ń bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà á mú nọ́ńbà kan fún àgbègbè kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ èyí tó máa mú. Nínú ìgbà 100, nǹkan bí ìgbà 80 ni kò ní sí Klingon kankan, ìgbà 15 ni ọ̀kan máa wà, ìgbà 3 ni méjì máa wà, ìgbà 2 ni mẹ́ta máa wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 15 × 1, 3 × 2, 2 × 3: 15 + 6 + 6 jẹ́ 27 nínú àgbègbè 100. Àgbègbè 64 la ní, nítorí náà 64 × 0.27 á fún wa ní nǹkan bí 17. Ẹni tó kọ géèmù ò mọ ibi tí ọ̀tá máa wà, àmọ́ ó mọ bí ogun náà ṣe máa le tó.

Ìbọn ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀nà jíjìn

Ọkọ̀ rẹ ní ìbọn kan tó ń yin agbára. Bí ọ̀tá bá ṣe jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára náà ń dín kù. Ọ̀nà Pythagoras tí wọ́n kọ́ wa ní girama ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà náà. Bí Klingon bá jìnnà sí ọ ní àpótí 3 sí ẹ̀gbẹ́ àti 4 sókè, 9 + 16 jẹ́ 25, ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ 5. Yin agbára 400: 400 pín sí 5 jẹ́ 80, kọ̀ǹpútà á wá sọ ọ́ di ìlọ́po tó wà láàárín 2 sí 3. Ohun tó máa bá ọ̀tá á wà láàárín 160 sí 240. Agbára Klingon kọ̀ọ̀kan máa ń wà láàárín 100 sí 300, nítorí náà ó lè kú, ó sì lè má kú.

Ẹ kíyè sí i o: nínú géèmù, bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, agbára á dín kù sí ìdajì. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù ilé wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa kàn yín, torí ìmọ́lẹ̀ náà ń tàn ká sí òkè àti sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kọ́ físíìsì géèmù yìí ò pé, ṣùgbọ́n eré náà dùn.

Ibùdó tí ẹnikẹ́ni ò kọ́

Èmi àti àbúrò mi wá kọ tiwa lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ tí kò lágbára yẹn. Ó gba gbogbo ọ̀sán Sátidé. Ó ṣiṣẹ́! Ọmọ wa wá ní ìràwọ̀ kéré jù. Nínú géèmù àtijọ́, ìràwọ̀ 1 sí 8 ló máa ń wà ní àgbègbè kan, ó sọ tiwa di 1 sí 12.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi dojú rú. Géèmù sọ fún wa níbẹ̀rẹ̀ pé ibùdó 2 ló wà. A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, a rí ibùdó kẹta, a rí ìkẹrin, ìkarùn-ún. Ta ló kọ́ wọn? Mo wo kóòdù títí, mi ò rí nǹkan kan. Mo ti fẹ́ sọ pé ká pa á rẹ́ ká tún un kọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀ díẹ̀." Ó mú bíírò àti bébà, ó lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí n tó gbọ́ ariwo rẹ̀.

Ohun tó rí rèé: Klingon 3, ibùdó 0, ìràwọ̀ 12. Ẹ kó o pọ̀: 300 + 0 + 12, ìyẹn 312. Ẹ wá tú u: Klingon 3, ibùdó 1, ìràwọ̀ 2! Ìràwọ̀ ti kún àkúnwọ́sílẹ̀, ó ti ya wọ ilé ibùdó. Ọgbọ́n àwọn ará àtijọ́ ń ṣiṣẹ́ torí pé iye kọ̀ọ̀kan ò kọjá 9. Bí odù ayò bá di ọmọ 15 nínú ilé kan, àyè nọ́ńbà kan ò lè gbà á mọ́, àbí?

Òun fúnra rẹ̀ ló tún un ṣe: Klingon × 1000 + ibùdó × 100 + ìràwọ̀. Ibùdó 2 padà di 2.

Kò tíì ra ẹ̀rọ tuntun o, owó ò tíì sí. Àmọ́ kò sọ mọ́ pé òun fẹ́ fi kóòdù sílẹ̀. Lánàá ló ń bi mí bí a ṣe lè fi ìlú kún àgbègbè kọ̀ọ̀kan láìlo nọ́ńbà kejì.

Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú rẹ̀. Ẹ mú bébà, kì í ṣe fóònù. Bí ìlú ò bá ju 5 lọ, Klingon ò ju 3, ibùdó ò ju 1, tí ìràwọ̀ sì lè tó 12, báwo lẹ ṣe máa kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú nọ́ńbà kan tí ọ̀kan ò fi ní ya wọ ilé èkejì? Ẹ kó o pọ̀, ẹ tú u, kí ẹ rí i pé ohun tẹ́ ẹ fi síbẹ̀ náà lẹ bá níbẹ̀.

Ó dìgbà kan ná o.