Ta Ló Jẹ̀bi Bí Ẹṣin Bá Jẹ Oògùn Mọ́ Oúnjẹ?

Ìbéèrè: Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ilé ẹṣin kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wa kì í fẹ́ ká gbé kọfí sún mọ́ ẹṣin, wọ́n sì ní a ò gbọdọ̀ fún wọn ní ṣokoléètì. Wọ́n tún sọ fún mi pé ẹṣin Ọbabìnrin Elizabeth pàdánù ipò kejì nígbà kan nítorí oúnjẹ tó jẹ. Ohun tí kò yé mi ni pé, bí ẹnikẹ́ni kò bá fún ẹṣin lóògùn, kí ló dé tí wọ́n fi ń gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé ìyà kò jẹ aláìṣẹ̀ báyìí?

Ìdáhùn: Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹṣin ló máa ń béèrè ohun tí ẹ béèrè yìí, ó sì tọ́ kéèyàn béèrè. Ó dà bíi pé ìdájọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń dá, bẹ́ẹ̀ méjì ni. Èkíní ni: kí ló wà nínú ara ẹṣin lọ́jọ́ ìdíje? Èkejì ni: báwo ló ṣe débẹ̀, ṣé àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin náà sì ṣọ́ra tó? Ti èkíní ló ń pinnu ipò ẹṣin. Ti èkejì ló ń pinnu ìyà tó máa jẹ ènìyàn.

Estimate ni orúkọ ẹṣin tí wọ́n sọ fún yín. Ó gba ife Gold Cup ní Ascot lọ́dún 2013, ó sì ṣe ipò kejì níbẹ̀ lọ́dún 2014. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá morphine lára rẹ̀, oògùn ìrora tó ń wá láti ara òdòdó poppy. Ìwádìí fi hàn pé inú oúnjẹ ló ti wá, àwọn ẹṣin láti ilé ẹṣin mìíràn sì kó sínú wàhálà kan náà. Wọ́n gba ipò kejì lọ́wọ́ Estimate, ṣùgbọ́n wọn ò bu owó ìtanràn lé olùkọ́ rẹ̀, torí wọ́n gbà pé ó ti ṣe gbogbo ìṣọ́ra tó yẹ.

Ẹ wá ro ti àwọn ẹṣin yòókù tó sá eré náà láìní nǹkan kan lára. Ẹṣin tí morphine bá pa ìrora rẹ̀ lè sáré kọjá ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà, kó sì fara pa gan-an. Bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún un ni o, bóyá ó ṣèèṣì jẹ ẹ́ ni o, ohun kan náà ni oògùn ń ṣe nínú ara. Bó bá sì jẹ́ pé àlàyé lásán lè dá ipò padà, gbogbo ẹni tó ń fún ẹṣin lóògùn ni yóò máa ti ẹ̀sùn sọ́rùn àpò oúnjẹ.

Ní ti ṣokoléètì, ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn kúkú mọ kókó. Theobromine wà nínú hóró àti èèpo rẹ̀, káfíìnì, irú èyí tó wà nínú kọfí, náà wà níbẹ̀ díẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń ta ara jí. Wọ́n máa ń po èèpo kókó mọ́ oúnjẹ màlúù. Bí wọ́n bá ṣe oúnjẹ ẹṣin nínú ẹ̀rọ kan náà láìfọ̀ ọ́ mọ́, díẹ̀ á bá a lọ, bí ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ nínú ẹ̀rọ ata ṣe máa ń ta lẹ́nu. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi òdiwọ̀n sí theobromine: bí kò bá ju máíkírógíráàmù 2 lọ nínú mílílítà ìtọ̀ kan, kì í di ẹ̀sùn. Àjọ FEI tó ń bójú tó ìdíje ẹṣin bíi fífo ọ̀pá náà ti ya àwọn èròjà kan sọ́tọ̀ tó mọ̀ pé wọ́n sábà máa ń ti inú oúnjẹ wọlé, kí ìdájọ́ lórí wọn má baà le jù.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti kókó nìkan. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2020, wọ́n bá zilpaterol, oògùn tí wọ́n fi ń mú màlúù lẹ́ran lára láwọn ilẹ̀ kan, nínú oúnjẹ ẹṣin kan láti Ireland. Olùkọ́ ẹṣin Aidan O'Brien, tó ń lo oúnjẹ náà, yọ gbogbo ẹṣin mẹ́rin tó fẹ́ kó lọ sí eré Arc ní Paris. Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn màgòmágó kàn án, síbẹ̀ àwọn ẹṣin náà kò sáré.

Ní ti iṣẹ́ tiyín, oúnjẹ tó ní àmì NOPS lára àpò ni kí ẹ máa lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó túmọ̀ sí pé iléeṣẹ́ tó ṣe é ń ṣọ́ra fún irú èròjà wọ̀nyí. Ẹ má fi ife kọfí bu omi nínú garawa ẹṣin. Ẹ má ṣe tọ̀ sínú ilé ẹṣin, torí oògùn tí ènìyàn lò ń bá ìtọ̀ jáde, ẹṣin sì máa ń jẹ koríko tó ń sùn lé. Bí ẹ bá ṣí àpò tuntun, ẹ kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ ṣí i sílẹ̀, kí ẹ sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan pamọ́ sínú ọ̀rá. Bí àyẹ̀wò bá gbé nǹkan jáde lọ́jọ́ kan, àkọsílẹ̀ àti ẹ̀kúnwọ́ yìí lè má dá ipò ẹṣin padà, ṣùgbọ́n àwọn ni ẹ̀yin àti ọ̀gá yín máa fi dáhùn ìbéèrè kejì.