Rímóòtì Lára Mọ́tò Àtijọ́: Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀ Ká Tó Náwó Sí I

 

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí mọ́tò. Àwọn kan nínú wa ṣì ń lo Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná nígbà kan, èyí tí bàbá àwọn ọmọ fi sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní Corolla tòkunbọ̀ tó ti dàgbà. Kọ́kọ́rọ́ la fi ń ṣí i, ilẹ̀kùn kan lẹ́yìn òmíràn. Tí ẹrù bá kún ọwọ́, tí òjò sì ń rọ̀ ní Òkè-Ajé, ìyà gidi ni. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń bi wá pé: ṣé wọ́n lè fi rímóòtì sí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná.

BÓ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Wọn yóò fi ẹ̀rọ kékeré kan sínú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, òun ni yóò máa fa irin tó ń ti ilẹ̀kùn sókè sódò. Wọn yóò tún fi àpótí kékeré kan pamọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Tí ẹ bá tẹ rímóòtì, ó ń sọ ohùn kan tí etí wa kò gbọ́. Àpótí yẹn ló ń gbọ́ ọ, òun ló sì ń fi iná bátìrì mọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn ilẹ̀kùn.

Ẹ sọ nǹkan mẹ́ta yìí fún rẹwáyà kó tó bẹ̀rẹ̀:

1. Kó fi fíúsì sí wáyà tó ti ara bátìrì wá, nítòsí bátìrì gan-an. Tí wáyà bá bó tí kò sí fíúsì, mọ́tò lè gbiná.

2. Kó fi rọ́bà bo wáyà níbi tó ti wọ inú ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni ṣíṣí àti títì ojoojúmọ́ ti máa ń já a.

3. Kó má yọ ojú kọ́kọ́rọ́ ti tẹ́lẹ̀. Bátìrì rímóòtì lè kú, ti mọ́tò náà lè kú. Kọ́kọ́rọ́ irin ni yóò yọ wá.

Kẹ́ ẹ sì dúnàádúrà owó ọjà lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀.

IBI TÍ EWU WÀ

Tí a bá fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, mẹ́ta yòókù ṣì wà ní títì. Ti rímóòtì kì í sábà rí bẹ́ẹ̀: ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí. Ọ̀kan nínú wa tó ń ta aṣọ gbé báàgì owó èésú sórí àga ẹ̀yìn, ó jókòó síwájú, ó ń tún gèlè ṣe. Kó tó bojú wẹ̀yìn, ẹnì kan ti ṣí ilẹ̀kùn, ó ti gbé báàgì lọ. Owó ogún èèyàn ni! Ó san án tán, àmọ́ ó gbà á ní ọdún kan àbọ̀.

Èkejì, olè lè ní ẹ̀rọ tó ń dí ohùn rímóòtì. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ẹ ó rò pé ó tì, kò tì.

Ẹ̀kẹta, àwọn rímóòtì kan wà tó jẹ́ pé ohùn kan náà ni wọ́n ń sọ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá gba ohùn náà sílẹ̀ lè fi ṣí mọ́tò yín. Èyí tó dáa jù ń yí ohùn padà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ béèrè èyí kẹ́ ẹ tó sanwó, ì báà jẹ́ ní Ládípọ̀ l'Ékòó lẹ ti fẹ́ rà á.

OHUN TÍ A Ó MÁA ṢE

Tí ẹ bá ń kúrò nídìí mọ́tò, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbọ́ "kó", kẹ́ ẹ sì fọwọ́ fa ilẹ̀kùn wò. Tí ẹ bá wọlé, ẹ kọ́kọ́ tì í kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Owó ò gbọdọ̀ sùn sórí àga ẹ̀yìn.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Rímóòtì ò lójú o, àwa la lójú. Ọjà á tà.