Koríko Tó Ga Ju Ilé Lọ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí ẹ bá dé etí odò kan ní Aládé, ní ilẹ̀ Ìdànrè, tí ẹ rí ọparun, ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa. Igi la máa ń pè é, ṣùgbọ́n koríko ni. Ẹbí kan náà ni òun àti àgbàdo àti ìrèké. Ẹ ṣáà wo oríkèé wọn. Èyí tó pọ̀ jù ní gúúsù Nàìjíríà, Bambusa vulgaris ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Ìrókò máa ń sanra lọ́dọọdún. Ọparun kì í sanra. Bí èéhù rẹ̀ bá ṣe tóbi tó nígbà tó yọ, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò tóbi mọ. Gíga nìkan ló kù, láàárín oṣù 2 sí 4, ó ti ga tán. Níbo ló ti rí irú agbára bẹ́ẹ̀? Abẹ́ ilẹ̀ ni. Igi-abẹ́lẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó so gbogbo ọparun ìdí kan náà pọ̀. Rhizome ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ti wa atalẹ̀ rí ti rí irú rẹ̀. Ewé àwọn ọparun àgbà ló ń se oúnjẹ, igi-abẹ́lẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀, èéhù ń jẹ ẹ́. Nítorí náà, bí a bá gé ọ̀kan, ìdí kò kú.

Báwo ni ewé ṣe ń se oúnjẹ? Ó ń fa carbon dioxide, afẹ́fẹ́ kan tó wà nínú èémí tí à ń mí síta. Gbòǹgbò ń gbé omi wá, oòrùn ló ń dáná. Carbon inú afẹ́fẹ́ náà ni ọparun fi ń mọ ara: bí ó bá gbẹ, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ carbon. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni mọ́tò, jẹnẹrétọ̀ àti igbó tí à ń sun ń tú jáde, tó sì ń bo ayé bí aṣọ ìbora, tí kì í jẹ́ kí ooru ráyè jáde.

Ẹ fara balẹ̀ síbí o, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ọparun tó bá jẹrà tàbí tó jóná yóò dá carbon rẹ̀ padà sójú ọ̀run. Àwọn àgbà tí a kò gé rárá yóò gbó, wọn yóò kú, wọn yóò jẹrà. Ṣùgbọ́n èyí tí a gé lásìkò, tí a fi kan àga, carbon rẹ̀ wà nínú àga náà títí àga yóò fi bàjẹ́, èéhù mìíràn sì ti ń yọ.

Owó náà wà níbẹ̀. Ilẹ̀ kòkó ni Ìdànrè, owó kòkó sì ní àsìkò; ọparun lè fi kún un. Ọparun ni ọ̀pá tí a fi ń já kòkó, òun la fi ń ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó so, òun ni àwọn kọ́lékọ́lé ń rà láti fi gbé orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ró títí kọnkéré yóò fi le.

Èwo la ó wá gé? Èyí tí èèpo onírun tó ń yún ni lára ṣì wà lára rẹ̀, ọmọdé ni; ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ ọdún 3 sí 5, tí ara rẹ̀ ti ní àbààwọ́n funfun-funfun, òun ló le. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ gé e, torí sítáàṣì, irú èyí tó ń mú ẹ̀kọ dì, kì í pọ̀ nínú rẹ̀ nígbà náà. Sítáàṣì yìí ni kòkòrò ń wá. Ìyẹ̀fun tí ẹ ń rí lábẹ́ àga ọparun, iṣẹ́ ọwọ́ kòkòrò náà ni. Ẹ rẹ ọparun sínú omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, omi yóò fa èyí tó kù jáde.

Òkè oríkèé àkọ́kọ́ tó wà lórí ilẹ̀ gan-an ni kí àdá ti bà á, kí ihò má ṣe ṣẹ́ kù tí omi òjò yóò dúró sí. Omi yẹn ló ń mú ìdí rẹ̀ rà.